SECAM lórí télé ìyá àgbà: ṣé kí n dá property tèmi sílẹ̀ nínú dráífà vc4 ni?

ọmọ_wàǹdó · Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 21:08

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ìyá àgbà mi ní Kétu ní télé kan tí bàbá àgbà rà kí wọ́n tó bí mi. Faransé ni wọ́n ti kó o wá, onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wúwo bí àpótí ìyàwó. Télé pẹlẹbẹ méjì làwọn ọmọ ti rà fún un, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti pa méjèèjì, ti bàbá àgbà ṣì wà níbẹ̀ digbí. Mo gbé àwọn kásẹ́ẹ̀tì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí bàbá gbà sílẹ̀ nígbà ayé wọn sínú fáìlì, mo sì so Raspberry Pi 3 (kọ̀ǹpútà kékeré) mọ́ télé náà láti ihò yíká tí a máa ń ki ìgbọ́rọ̀ sí. Àwòrán jáde, ohùn jáde, àmọ́ dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láìsí àwọ̀! Ìyá àgbà wò ó títí, wọ́n ní: "Ṣé òkú ló ń jó ni?"

Mo wá a kiri, mo rí i pé SECAM, ọ̀nà tí Faransé ń gbà fi àwọ̀ ránṣẹ́ sí télé, ni télé yìí ń gbọ́. Mo ṣí vc4_vec.c, fáìlì vc4 (dráífà àwòrán Pi), nínú kánẹ̀lì (ọkàn Linux) 5.10 tí mo gbà láti kernel.org. NTSC, NTSC-J, PAL àti PAL-M nìkan ló wà nínú property (ohun tí ètò lè yí lórí ẹ̀rọ àwòrán) tí wọ́n ń pè ní "mode". Kò sí SECAM. Ni mo bá dá tèmi:

```
prop = drm_property_create_bool(dev, 0, "secam_benin");
drm_object_attach_property(&connector->base, prop, 0);
```

Mo kọ atomic_set_property (iṣẹ́ tí kánẹ̀lì ń pè bí ẹnì kan bá fẹ́ yí property) tó ń yí bíìtì nínú réjísítà CONFIG0, ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka ìṣètò rẹ̀, ní kété tí 1 bá ti wọlé. Mo tún kọ ètò kékeré kan tó ń fi TEST_ONLY (ìdánwò lásán) béèrè lọ́wọ́ dráífà ná kó tó fi commit (àṣẹ ìyípadà) gidi ránṣẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí: TEST_ONLY ló ń yí télé padà! Àwọ̀ yóò yọ fìrì, pupa yóò máa já bí aṣọ gbígbó, nígbà tí commit gidi bá sì dé, a padà sí dúdú-òun-funfun. Níbo ni mo ti ṣìnà?

---

bàbá_péritel · Àjàrá · Ọjọ́ Àìkú, 21:40

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Mi ò mọ kódù, télé ni mo ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tójú rẹ rí yẹn, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń rí i.

Faransé fún wa ní SECAM, Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ará Nàìjíríà ní PAL. Láyé ìjọ́sí, ẹni tó bá ra télé l'Ékòó tó gbé e gba ibodè Ìgólò wọlé, tó bá gbé e dé Àjàṣẹ́, ìròyìn wa yóò jáde ní dúdú àti funfun. Ẹni tó gbé ti Àjàṣẹ́ lọ s'Ékòó, bákan náà. Kì í ṣe pé télé bàjẹ́. Ìlà 625 ni àwọn méjèèjì ń fà, ìdajì àwòrán 50 ni wọ́n ń yọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń dúró ṣinṣin. Ibi tí wọ́n gbé àwọ̀ pamọ́ sí ni kò bára mu. PAL ń gbé àwọ̀ méjèèjì sórí ìlà kan náà, SECAM ń gbé ọ̀kan sórí ìlà yìí, ìkejì sórí ìlà tó tẹ̀ lé e, télé á sì rántí ti ìṣáájú. "M" tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, "mémoire" ni. Télé tí kò bá mọ ọgbọ́n èkejì á kàn fọwọ́ rọ́ àwọ̀ tì, á fi ìmọ́lẹ̀ nìkan hàn ọ́.

Wo wáyà rẹ náà o. Nínú ihò Pi, àwòrán ló wà ní ìdí pátápátá, ilẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ohùn méjèèjì ló wà lókè. Wáyà kámẹ́rà àtijọ́ kan máa ń yí ilẹ̀ àti àwòrán padà. Bí péritel (ihò gbọọrọ tí Faransé ń ki wáyà àwòrán àti ohùn sí) bá wà lẹ́yìn télé náà, mo ní adápítà tó ní bọ́tìnì wíwọlé àti jíjáde, wá yá a.

---

tanti_kánẹ̀lì · Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 22:31

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ mi.

Àbúrò, ohun mẹ́ta ló wọ́ níbẹ̀. Jẹ́ n mú èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lónìí ṣáájú.

Nínú DRM, ìyẹn ẹ̀ka kánẹ̀lì Linux tó ń bójú tó àwòrán, atomic_set_property kì í ṣe ibi tí a ti ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ. State ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ̀dà ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á kọ láti ara èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ ni kí o kọ iye tuntun sínú ẹ̀dà yẹn, kí o sì jáde. Télọ̀ a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ kó tó mú àlùmọ́gàjí. TEST_ONLY, ṣọ́ọ̀kì ni: "bí mo bá gé e báyìí, ṣé á wọ̀ ọ́?" Kánẹ̀lì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì nu ṣọ́ọ̀kì kúrò. Ìwọ ti gé aṣọ nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n.

Ìdí tí commit gidi fi ń dá ọ padà sẹ́yìn náà nìyẹn. Nígbà tí encoder (apá tó ń sọ àwòrán di èdè télé) bá ń tàn, ó ń ka "mode" láti inú state, ó rí PAL níbẹ̀, ó kọ CONFIG0 ní ti PAL. Bíìtì tí o fọwọ́ ara rẹ yí kò sí nínú state kankan, ta ni yóò rántí rẹ̀?

Bí property bá jẹ́ ti dráífà nìkan, ohun tí o máa ṣe rèé: kọ struct tìrẹ tó gbé drm_connector_state sínú, fi àyè kan kún un fún iye rẹ, jẹ́ kí atomic_duplicate_state dà á kọ, kí atomic_get_property kà á láti ibẹ̀. Nínú atomic_check, fi àtijọ́ wé tuntun. Bí wọn ò bá dọ́gba, sọ mode_changed lórí CRTC (apá ẹ̀rọ tó ń rán àwòrán jáde) di true, kí wọ́n lè pa ojú télé kí wọ́n sì tún un tàn. Láìṣe èyí, iye á yí nínú ìwé, ojú télé ò ní mọ̀.

Ìkejì: o so property mọ́ connector (ihò tí àwòrán ń gbà jáde), ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, property ni a ń dá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ni a ó so ó mọ́ ohunkóhun tó bá tọ́ sí, kí drm_dev_register tó wáyé. Bí aṣọ ẹgbẹ́ ni: ẹgbẹ́ mú ankárá kan, oníkálukú gé tirẹ̀ bó ṣe wọ̀ ọ́. Dá a sílẹ̀ kí o má so ó, modetest (ètò tí a fi ń wo property tí a sì fi ń yí wọn) ò ní rí i rárá. Mo ti fi ọjọ́ kan àbọ̀ ṣòfò lórí èyí rí, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìkẹta ló ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n jẹun kí n padà wá.

---

òkè_ṣábẹ̀ẹ́ · Ṣábẹ̀ẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 22:58

Tanti lọ jẹun nígbà tó dùn 😂

---

tanti_kánẹ̀lì · Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 23:47

Mo ti dé. Àkàsà ni, kò pẹ́.

"secam_benin" jẹ́ bool. (Nínú kánẹ̀lì, bool kò ní irú tirẹ̀, range láti 0 dé 1 ni wọ́n fi ń ṣe é.) Ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "mode" tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Jẹ́ ká ní ẹnì kan fi "mode" sí PAL, ẹlòmíràn fi "secam_benin" sí 1. Èwo ni dráífà máa gbọ́? O ti dá ipò mẹ́jọ sílẹ̀ níbi tí télé kò ní ju márùn-ún lọ, ipò mẹ́ta ló sì ń bá ara wọn jà. Ọba kì í pé méjì láàfin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ohun tí ò ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ: "Èdè télé wo ni kí n sọ?" Ìbéèrè kan, property kan, irú rẹ̀ sì ni enum: o to orúkọ sílẹ̀, ẹni tó ń lò ó mú ẹyọ kan.

Bí mo ṣe ń yan irú nìyí. Nọ́ńbà tó ní ìsàlẹ̀ àti òkè, bíi "max bpc", range ni. Ẹyọ kan láàárín púpọ̀, enum. Ohun tí a lè mú ju ẹyọ kan lọ, bíi yíyí àti dídojú àwòrán nínú "rotation", bitmask. Ẹrù tí kò ṣe é kọ sínú nọ́ńbà kan, bíi EDID (ìwé tí télé fi ń sọ ohun tó lè ṣe) tàbí tábìlì GAMMA_LUT (ti ìmọ́lẹ̀ àwọ̀), blob. Èyí tó ń tọ́ka sí nǹkan mìíràn, bíi CRTC_ID, object. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni láti òkè yí, fi IMMUTABLE sí i. Orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 31 lọ.

Kí o tó kọ ìlà kankan sí i, lọ wo kánẹ̀lì tuntun. 6.6 ti ní property kan tí gbogbo dráífà ń pín lò, orúkọ rẹ̀ ni "TV mode". NTSC, NTSC-443, NTSC-J, PAL, PAL-M, PAL-N, SECAM. Wò ó dáadáa: SECAM. vc4 sì ti mọ̀ ọ́n.

---

ọmọ_wàǹdó · Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 06:15

Tanti!!! Òpin ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ èyí o.

---

òkè_ṣábẹ̀ẹ́ · Ṣábẹ̀ẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 07:02

Ẹ má bínú sí mi, tanti, mo ní àríyànjiyàn. Ẹ̀rọ rẹ̀ ni, kánẹ̀lì rẹ̀ ni, télé ìyá rẹ̀ ni. Bó bá wù ú kó pè é ní "secam_benin", kí ló kan ẹnikẹ́ni? Àwọn olùtọ́jú kánẹ̀lì fẹ́ràn òfin jù. Mo ti fi dráífà sikirínì kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn rí, property kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi dá mi padà. Ètò olórísun gbangba tó ń lò ó, wọ́n ní kí n mú un wá. Àkọsílẹ̀, kí n mú un wá. Ìdánwò IGT (àkójọ ìdánwò fún dráífà àwòrán), kí n mú un wá. Mo ní kí ló dé, ṣé ìyàwó ni mo ń fẹ́ ni?

---

tanti_kánẹ̀lì · Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 12:20

Ìyàwó ni o! Nígbà tí property bá ti wọ kánẹ̀lì, ìkọ̀sílẹ̀ kò sí mọ́.

Bó bá dúró nílé rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, mi ò jiyàn. Ọ̀rọ̀ dé nígbà tó bá fi ránṣẹ́. Wo "mode" tí ọmọ_wàǹdó bá nínú 5.10. Dráífà vc4 ló to orúkọ tirẹ̀ sínú rẹ̀: NTSC ni 0, NTSC-J ni 1, PAL ni 2, PAL-M ni 3. Dráífà mìíràn to tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń kọ ètò lókè kò lè béèrè "fi PAL fún mi" kó sì dá a lójú pé gbogbo ẹ̀rọ ló gbọ́. Ìgbà tí wọ́n wá ṣe "TV mode" fún gbogbo ayé, PAL di 3 níbẹ̀. Ṣé wọ́n lè wá ju "mode" nù? Rárá. Ẹnì kan wà níbì kan tó ti kọ 2 sínú ìwé àṣẹ rẹ̀. Nítorí náà ni "mode" ṣe ṣì wà nínú vc4 títí di báyìí, nọ́ńbà àtijọ́ rẹ̀ kò yí, dráífà ń túmọ̀ rẹ̀ sí ti tuntun lábẹ́lẹ̀. Ẹrù tí wọn ò ní sọ̀ mọ́ nìyẹn.

Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ, ibẹ̀ ló ti wá. Wọ́n fẹ́ kí orúkọ àti iye rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, kí dídá rẹ̀ sílẹ̀ àti kíkà rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn kì í ṣe nínú dráífà ẹnì kan, kí ipò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kó tó dé mu. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bí property tuntun bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú télé ẹni tí kò béèrè nǹkan kan, ẹjọ́ dé.

Mo gbà fún ọ pé ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń ra megabyte díẹ̀díẹ̀, IGT kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ìyẹn dùn mí náà.

---

akaba_kétu · Kétu · Ọjọ́ Ajé, 13:05

Ẹ dákun, mo ń ya ọ̀nà díẹ̀. HDMI ni mo ń lò, Pi 4, télé pẹlẹbẹ. Etí àwòrán ń gé, dúdú sì dà bí eérú. Mo ń gbìyànjú "left margin" pẹ̀lú modetest, mo kọ 120, ó ní "Invalid argument". Ṣé dráífà mi bàjẹ́ ni?

---

tanti_kánẹ̀lì · Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 13:18

Kò bàjẹ́. Range 0 dé 100 ni "left margin" àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta. Dráífà rẹ kò tilẹ̀ rí 120 yẹn, ẹnu ọ̀nà ni kánẹ̀lì ti dá a padà. Ìwúlò ààlà nìyẹn: ẹni tó kọ dráífà kò ní láti máa yẹ gbogbo ìkòkò wò. Píksẹ́lì ni vc4 ń kà á sí, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ láti 24.

Ní ti eérú: wo "Broadcast RGB". Télé rẹ ń retí gbogbo iye láti 0 dé 255, Pi ń fún un ní 16 dé 235, 16 yẹn ló ń fojú eérú hàn. Fi í sí "Full". Bó bá wá dúdú jù tí òjìji ń gbé ohun gbogbo mì, dá a padà sí "Automatic".

---

akaba_kétu · Kétu · Ọjọ́ Ajé, 13:41

Full ṣiṣẹ́. Irun orí akọrin ti yàtọ̀ sí ògiri. Ẹ ṣeun.

---

ọmọ_wàǹdó · Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20:30

Mo ti gbé Raspberry Pi OS tó ní 6.6 wọlé. modetest -M vc4 -c fi "TV mode" hàn mí, SECAM sì wà nínú àkójọ. Mo fẹ́ lo xrandr --set, àmọ́ Wayland (ètò tó ń gbé désítọ́ọ̀pù mi) ni mo wà lórí rẹ̀, kò gbà. modetest -w náà ní òun kò láṣẹ.

---

tanti_kánẹ̀lì · Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20:52

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ọ̀gá lórí DRM lẹ́ẹ̀kan náà, désítọ́ọ̀pù rẹ ló wà lórí àga. Pa á ná, kí o tó lo modetest láti ojú dúdú tí a ti ń fi lẹ́tà nìkan tẹ àṣẹ. SECAM ni 6. Bí o bá ń kọ ètò tìrẹ, má kọ 6 sínú rẹ̀ o, fi orúkọ wá nọ́ńbà.

Fún télé ìyá, má ṣe ìyẹn rárá. Kọ ọ́ sí cmdline.txt, lórí ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn tó kù:

`video=Composite-1:720x576@50ie,tv_mode=SECAM`

Nínú config.txt: `dtoverlay=vc4-kms-v3d,composite`. "i" ni ìlà àfojúkò, ìyẹn ìdajì àwòrán lẹ́ẹ̀kan. "e" ń fipá tàn án, nítorí wáyà àtijọ́ yẹn kò ní EDID, télé kò lè sọ fún Pi pé òun wà níbẹ̀.

---

bàbá_péritel · Àjàrá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21:15

Kí o tó tàn án, jẹ́ kí télé gbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọ̀ SECAM télé àgbà kì í dúró dáadáa bó bá ṣì tutù.

---

òkè_ṣábẹ̀ẹ́ · Ṣábẹ̀ẹ́ · Ọjọ́rú, 08:10

Mo tún àwọn èsì tí wọ́n fún mi kà lánàá. Property tí mo dá sílẹ̀ yẹn, yíyí ojú sikirínì tí wọ́n gbé sórí ẹ̀gbẹ́ ni. "panel orientation" ti wà ńbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Mi ò tíì gbà fún tanti tán o, ẹ jẹ́ kí n lọ pa tèmi rẹ́ ná.

---

ọmọ_wàǹdó · Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19:22

Mo ti Kétu dé. Mo pa secam_benin rẹ́ kí n tó kúrò nílé, ìlà 60 ó lé. Dígbà tí mo fi so wáyà pọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ti kún yàrá. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí bàbá sọ, mo kà á lórí fóònù.

Àwọ̀ jáde. Kì í ṣe àwọ̀ fóònù o, ó rọ̀ díẹ̀, pupa ń ṣàn kúrò létí aṣọ, ṣùgbọ́n ó jáde. Ẹ̀fẹ̀ wọlé, igbá ojú rẹ̀ funfun, ejò aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀. Ìyá àgbà kò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ kan gíláàsì télé níbi tí àwọn obìnrin tó ń gberin dúró sí, wọ́n ní: "Gèlè ofeefee yìí, tèmi ni. Ọmọ Ìyá Ẹléja ló yá a lọ́wọ́ mi, kò dá a padà."

Ìsàlẹ̀ àwòrán ṣì ń gé díẹ̀, ẹsẹ̀ oníjó kò hàn tán. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá wò ó.

---

bàbá_péritel · Àjàrá · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20:03

Ti ẹsẹ̀, fídíò kọ́, bí télé ṣe ń na àwòrán ni. Bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ fún gíga àwòrán, má fọwọ́ ara rẹ kàn án, iná inú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Èmi àti ìwọ la ó jọ lọ. Kí o sì mú adápítà mi dání o, oníbàárà kan ti ń béèrè rẹ̀ láti àná.